Ṣé Páàsì Bọ́ọ̀sì Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ohun Tí À Ń Rà? Ìtàn Lọ́ńdọ̀nù láti 1981 sí 2023

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní ẹ̀ka wa fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò tíì lo oṣù kan tán níbẹ̀. A rò pé òtútù ni wọ́n fẹ́ ráhùn lé lórí, àṣé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni.

"Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ máa ń tú ìtàn wò, ẹ bá mi tú èyí náà wò. Páàsì bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ wà níbí. Ẹni tí a jọ ń gbé ní kí n rà á kíá. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n má dán an wò. Owó tó wà lọ́wọ́ mi yìí, tí mo bá ṣì í ná pẹ́nrẹ́n, gaàrí ni màá máa mu títí oṣù á fi parí. Kí ni kí n ṣe?"

Ojú ẹsẹ̀ ni yàrá wa pín sí méjì. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹ̀gbọ́n rà á, pé owó tí èèyàn bá ti san ṣáájú, ó ti bọ́ lọ́rùn ẹni. Àwọn yòókù ní rárá o, kí ni èèyàn fẹ́ máa fi sanwó ọjọ́ tí kò jáde nílé? Ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí a kò rí ẹni tó borí, a lọ kàwé nípa rẹ̀. Ohun tí a rí ni pé ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan tó wà títí láé. Ẹni tó ra páàsì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1983, tó ń wọkọ̀ lójoojúmọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìṣirò kankan. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́dún 2023 gbọ́dọ̀ mú bírò àti ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì yìí ni a fẹ́ sọ.

Ìjà owó ọkọ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour wọlé ìbò sí Greater London Council, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso gbogbo Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, tí wọ́n máa ń pè ní GLC. Ken Livingstone ló di olórí ìgbìmọ̀ náà. Ara ìlérí tí wọ́n fi polongo ìbò ni pé àwọn yóò dín owó ọkọ̀ kù, wọ́n sì mú ìlérí náà ṣẹ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Wọ́n gé nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó bọ́ọ̀sì àti ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Fares Fair ni wọ́n pe ètò náà.

Ṣùgbọ́n owó tí èrò ọkọ̀ kò san mọ́, ó di dandan kí ẹlòmíràn san án. GLC ní kí àwọn kánsù agbègbè bu owó kún èyí tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Agbègbè kan wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Bromley. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Kánsù Bromley ní èwo ni kí àwọn ará ibẹ̀ máa sanwó ohun tí kò gba ojúde wọn kọjá, ni wọ́n bá gbé GLC lọ sílé ẹjọ́.

Ẹjọ́ náà gòkè títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù, àwọn tí kò sí adájọ́ kankan lókè wọn nígbà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1981, gbogbo wọn pátá dá Bromley láre. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú òfin ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù ti ọdún 1969 ni àríyànjiyàn náà dá lé: òfin ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ náà lọ́nà tó bá ìlànà ṣíṣọ́ owó ná mu. Àwọn adájọ́ ní dídín owó ọkọ̀ kù tó báyẹn, tí wọ́n sì di ẹrù rẹ̀ lé àwọn tó ń san owó ilé lórí, kò bá òfin yẹn mu.

Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 1982 yóò fi dé, owó ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn èrò ọkọ̀ dín kù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì pọ̀ sí i lójú pópó. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn fi ibi tí ọ̀rọ̀ Bromley kù sí hàn. Bí ẹnìkan kò tilẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì láyé rẹ̀, ó ń jẹ nínú oore bọ́ọ̀sì. Ọgọ́ta èèyàn tó wà nínú bọ́ọ̀sì kan kò sí nínú ọgọ́ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ìbá dí ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti há sínú gosílóò ní Ọ̀jọ́ta rí kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un.

GLC kò sinmi. Wọ́n padà tò ó lọ́nà tí òfin fi gbà á, wọ́n sì tún dín owó ọkọ̀ kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ní oṣù karùn-ún ọdún 1983. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n gbé Travelcard jáde. Páàsì kan ṣoṣo ni, ó ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n pín ìlú sí sóònù, ẹni tó bá sì ti ra páàsì sóònù rẹ̀ lè wọkọ̀ títí àárẹ̀ yóò fi mú un. Ìjọba pa GLC rẹ́ ní ọdún 1986, àmọ́ Travelcard kò bá a lọ.

Ohun tí páàsì yí padà

Kí Travelcard tó dé, ọ̀pọ̀ èrò bọ́ọ̀sì ló ń sanwó lọ́wọ́ kọ̀ndọ́ tàbí awakọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọkọ̀. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan tó bọ́ sínú òmíràn, owó mìíràn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Èkó, ẹni tó bá wọ danfó dé Ojúẹ̀lẹ́gbà tó sì fẹ́ tẹ̀ síwájú, kọ̀ndọ́ kejì kò ní bi í léèrè ohun tó san fún ti àkọ́kọ́. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" ni ìkíni tirẹ̀.

Páàsì mú ìyẹn kúrò. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ rí owó gbà ṣáájú, bọ́ọ̀sì kò sì pẹ́ ní ibùdókọ̀ mọ́ nítorí pé kò sí pé à ń wá ṣéńjì. Èrò ọkọ̀ náà jèrè tirẹ̀. Tí èèyàn bá ti san owó ọ̀sẹ̀, ìrìn tó bá rìn lé e di ọ̀fẹ́. Ó lè lọ sí ilé ìkàwé lálẹ́, ó lè lọ kí ọ̀rẹ́, ó lè lọ sí Peckham lọ ra èlùbọ́ àti ẹ̀wà láìronú owó ọkọ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó dá wà ní ìlú àjèjì, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù tipẹ́. Ọdún 1925 ni Ládiípọ̀ Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní WASU sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ìran akẹ́kọ̀ọ́ kankan láti ìgbà náà tí kò ní láti ronú bí yóò ṣe máa ti ilé dé kíláàsì.

Ní àwọn ọdún Travelcard wọ̀nyẹn, ìbéèrè páàsì rọrùn. Ṣé ò ń jáde lójoojúmọ́? Ṣé o máa ń wọ ju ọkọ̀ kan lọ kó o tó dé ibi tó ò ń lọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, rà á. Ẹni tí kò ra páàsì kò ní ohun kankan tó ń dáàbò bò ó: bó bá wọ bọ́ọ̀sì mẹ́wàá lóòjọ́, mẹ́wàá náà ni yóò sanwó rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀rọ kọ́ ìṣirò

Ní ọdún 2003, Lọ́ńdọ̀nù gbé káàdì Oyster jáde. Èèyàn á kó owó sórí rẹ̀, á wá máa fi kan ẹ̀rọ tó bá wọkọ̀. Ẹni tó bá ti lo káàdì Cowry nínú BRT Èkó mọ irú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn dà bí ọ̀nà míì láti sanwó ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, wọ́n fi òté lé owó tí ẹ̀rọ lè yọ lóòjọ́. Bí owó ọkọ̀ rẹ bá ti dé iye kan lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ kò ní yọ owó mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ẹni tí kò ra páàsì ọjọ́ kan ti wá ń jẹ àǹfààní rẹ̀ láìmọ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ̀rọ kò dúró mọ́. Ní ìparí ọdún 2012, káàdì báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Ní oṣù keje ọdún 2014, bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó ọwọ́ mọ́ rárá. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n gba káàdì báǹkì nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì fi òté ọ̀sẹ̀ kún ti ọjọ́ fún àwọn tó ń lò ó, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú. Oyster náà ní òté ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2021.

Èyí tó kan ẹ̀gbọ́n wa jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Hopper ni wọ́n pè é. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan tó o wọ èkejì láàárín wákàtí kan sí ìgbà tó o kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ, èkejì di ọ̀fẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2018, iye bọ́ọ̀sì tó bá wù ọ́ lo lè wọ̀ láàárín wákàtí yẹn, owó ẹyọ kan ni.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí rèé. Gbogbo oore wọ̀nyí, owó tí à ń san nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá wọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀nà yẹn ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní páàsì ń dín kù. Kò sẹ́ni tó fòfin de páàsì, kò sì sí ẹni tó sọ pé kò dára mọ́. Ohun tó ń ṣe fún èèyàn nìkan ni ẹ̀rọ ń gbà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣirò ẹ̀gbọ́n wa

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, owó bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù di £1.75. Òté ọjọ́ kan nígbà náà jẹ́ £5.25, ìyẹn ìrìn mẹ́ta. Òté ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ £24.70, iye yẹn náà sì ni páàsì bọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ kan fún ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pé ọdún 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà nínú ètò náà, lè gba káàdì Oyster akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún un lórí páàsì. £24.70 á wá di nǹkan bí £17.30.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí: orí páàsì nìkan ni ẹ̀dínwó bọ́ọ̀sì yẹn wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń sanwó ìrìn kọ̀ọ̀kan, £1.75 tí olówó ìlú ń san ni òun náà yóò san. Òté ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ náà kò dín sí £24.70.

Nísinsìnyí, ìrìn 10 lọ́sẹ̀ jẹ́ £17.50. Ìrìn 9 jẹ́ £15.75. Ààlà rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ márùn-ún géérégé lọ́sẹ̀, kò jèrè, kò sì pàdánù, ogún kọ́bọ̀ wọn ló fi yàtọ̀. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó ra páàsì.

Ẹ̀gbọ́n wa ti ṣírò tiwọn kí wọ́n tó pè wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní kíláàsì lọ́sẹ̀, bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ, méjì bọ̀. Ìyẹn jẹ́ 12. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ méjì, nítorí pé físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kí wọ́n ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà nílé. Bọ́ọ̀sì kan lọ, kan bọ̀: 4. Ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Àìkú: 2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18, wọ́n sì ní £31.50 ni. Wọ́n wá rò pé páàsì yóò bá àwọn fi £14 pamọ́ lọ́sẹ̀ kan.

Ibẹ̀ ni ìtàn ti wúlò. Bọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n kà, wọn ò ka ìrìn. Bó bá jẹ́ ọdún 2015 ni, bí wọ́n ṣe kà á ló yẹ kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n láti 2016, bọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí kíláàsì kò ju ìrìn kan lọ, nítorí pé gbogbo ọ̀nà náà kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú 50 lọ. Ìrìn 6 ni ti kíláàsì, kì í ṣe 12. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 12, owó rẹ̀ sì jẹ́ £21. Páàsì yóò bá wọn fi £3.70 pamọ́, kì í ṣe £14.

Kò tán síbẹ̀. Káàdì Oyster akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ní owó ìgbàwé tí wọn kì í dá padà. Bó bá jẹ́ nǹkan bí £20, wọ́n ní láti lo páàsì dé ọ̀sẹ̀ kẹfà kí £3.70 tó ń wọlé tó bò ó. Bákan náà, ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí kíláàsì, ìrìn 6 péré ló kù, £10.50. Ẹni tó bá ra páàsì lọ́sẹ̀ yẹn ti sọ £6.80 nù. Àdánù ọ̀sẹ̀ kan ti jẹ èrè nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

A tún wo ibi tí èrè náà lè gòkè dé. Nítorí pé òté ọ̀sẹ̀ wà, kò sí bí ẹ̀gbọ́n ṣe lè rìn tó, wọn ò lè san ju £24.70 lọ bí wọn kò tilẹ̀ ra páàsì. Nítorí náà, èrè tó ga jù tí páàsì akẹ́kọ̀ọ́ lè mú wá lọ́sẹ̀ kan kò ju £7.40 lọ. Àmọ́ bí àìsàn bá dá wọn dúró sílé lọ́sẹ̀ kan, gbogbo £17.30 ló lọ yẹn. Kí ọdún 2014 tó dé, èrè kò ní irú ààlà yìí láàárín ọ̀sẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ yí padà jù lọ nìyí, ó sì yà wá lẹ́nu pé àwọn tó ń gba ara wọn nímọ̀ràn láti rà á kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Páàsì ọdún kan ńkọ́? Owó ọ̀sẹ̀ 40 ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Ẹni tí yóò rìn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ 48 yóò jèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kíláàsì rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 30 lọ lọ́dún, tó sì ń lọ lo ọlidé níbòmíràn, ń fi owó rẹ̀ tọrẹ ni.

Èsì tí a fi ránṣẹ́

A sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n gba káàdì akẹ́kọ̀ọ́ náà, nítorí pé wọ́n ṣì ní oṣù mọ́kànlá níwájú, àmọ́ kí wọ́n má ra páàsì oṣù, kí wọ́n má sì ra ti ọdún. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo àkókò kíláàsì àti ti iṣẹ́. Bí ìrìn bá pé 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n ra ti ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá pé, kí wọ́n máa fi káàdì kan ẹ̀rọ kí wọ́n máa lọ. Kí wọ́n sì máa ka ìrìn, kí wọ́n má ka bọ́ọ̀sì.

Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kejì pé àwọn ti gbọ́, pé £3.70 náà kì í ṣe owó ìrẹsì ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ ó tó ra búrẹ́dì àti ẹyin. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn wá díẹ̀, nítorí pé a mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ń ra oúnjẹ fún gbogbo yàrá.

Ohun kan kù tí ìṣirò wa kò lè yanjú. Gbogbo ohun tí a ṣe yìí, iye tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ni a fi ṣe é. A kò bi í léèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ £1.75. Kí ló dé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àgbàlagbà tó ń gbé ibẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ sanwó ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kó tó rí ẹ̀dínwó? Ẹni kan kò lè fi bírò dáhùn ìyẹn. Ọdún 1981 fi hàn wá ibi tí wọ́n ti ń dáhùn rẹ̀: nínú ìbò, nínú ìgbìmọ̀, níwájú adájọ́. Àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì ní ọdún 1982 kò ṣàṣìṣe kankan nínú ìṣirò wọn. Ṣe ni owó ọkọ̀ kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lé wọn lórí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé irú páàsì bẹ́ẹ̀ wá sí ọgbà tiwa lọ́la, tí wọ́n ní kí a san án mọ́ owó sáà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a gbé lọ sí ìpàdé. Èló ni ẹni tó bá lò ó jù lè jèrè? Èló ni ẹni tí kò lò ó yóò pàdánù? Owó tó kù tí akẹ́kọ̀ọ́ kò san, ta ni yóò san án? Bí a bá rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, a lè wá jókòó ṣírò ìrìn wa.